Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Èrò Òǹkàwé Lórí Ìwé, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Sozaboy àti Ìlú Port Harcourt

Ìfáàrà

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni àwọn Yorùbá máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó bá ìwé kíkà mu pẹ̀lú. Ẹni tí ó ka ìwé tán, tí ó pa á dé, tí ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìwé náà dára tàbí pé kò dára, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ ẹjọ́, èyíinì ni ẹnu ara rẹ̀. Kò tíì gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn tí ó ka ìwé kan náà rí nínú rẹ̀.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé èrò òǹkàwé lórí ìwé kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ títí a ó fi gbé e síwájú òǹkàwé mìíràn, ẹni tí ó lè béèrè ibi tí a ti rí i nínú ìwé, tí ó sì lè takò ó. Àpẹẹrẹ tí bébà yìí mú ni Sozaboy, ìtàn àròsọ tí Ken Saro-Wiwa kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Saros, gbé jáde ní Port Harcourt ní ọdún 1985.

Lámèyítọ́ Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí òǹkọ̀wé àti lórí ìwé fúnra rẹ̀. Ìgbésí ayé òǹkọ̀wé, àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá, ibùdó ìtàn àti ìlò èdè, gbogbo wọn ni àwọn onímọ̀ ti tú palẹ̀ bí ẹni tú iṣu. Òǹkàwé ni ó dà bí ẹni pé wọ́n fi sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó kà á, ìwé kò yàtọ̀ sí ìlù tí a gbé kọ́ ara ògiri.

Port Harcourt àti Ìwé

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìlú tí wọ́n ti sọ ìwé kíkà di ọ̀rọ̀ gbangba ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Port Harcourt kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2005 ni Koko Kalango dá ẹgbẹ́ òǹkàwé kan, Rainbow Book Club, sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìwé kan, Garden City Literary Festival, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Port Harcourt Book Festival lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó gbé orúkọ ìlú náà lọ síwájú àjọ UNESCO. Ní ọdún 2012, àjọ náà kéde pé Port Harcourt ni yóò jẹ́ Olú-ìlú Ìwé Lágbàáyé fún ọdún 2014, pàápàá nítorí pé ètò tí ìlú náà gbé kalẹ̀ fi ojú sí àwọn ọ̀dọ́. Láti ìgbà tí Madrid ti kọ́kọ́ gba oyè náà ní ọdún 2001, Alexandria ní Íjíbítì nìkan ni ó ti gbà á ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 2002. Port Harcourt sì ni ìlú àkọ́kọ́ tí ó gbà á láàárín àwọn ìlú tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Conakry ní ilẹ̀ Guinea gbà á ní ọdún 2017, Accra ní ilẹ̀ Gánà sì gbà á ní ọdún 2023.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni ọdún ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní Port Harcourt, nítorí pé ọjọ́ náà ni UNESCO yàn fún ìwé àti ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé káàkiri ayé. Ọdún 1995 ni UNESCO yan ọjọ́ yìí. Ní ọdún 1995 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ni ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt. Ìlú tí wọ́n ti pa òǹkọ̀wé ni ó di olú-ìlú ìwé ní nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà.

Òǹkàwé tí ó bá ṣí Sozaboy kò lè ṣàìrántí ikú yìí. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ra. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ikú òǹkọ̀wé ni ìwé náà jáde. Bí òǹkàwé bá ní ìwé náà dára nítorí pé wọ́n pa ẹni tí ó kọ ọ́, àánú òǹkọ̀wé ni ó ń sọ, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìwé. Àánú dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò lórí ìwé.

Ohun tí Èrò Lórí Ìwé Jẹ́

Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ipò òǹkàwé. Ní ọdún 1938, Louise Rosenblatt kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà, Literature as Exploration, nínú èyí tí ó ti fi yé àwọn olùkọ́ pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìwé àti ẹni tí ó ń kà á ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọdún 1938 yìí náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ní àwọn ọdún 1970, Wolfgang Iser ní ilẹ̀ Jámánì ṣàlàyé pé òǹkọ̀wé máa ń fi àlàfo sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti pé òǹkàwé ni ó ń fi ìmọ̀ àti ìrírí tirẹ̀ dí àwọn àlàfo náà. Nítorí náà, ènìyàn méjì kì í ka ìwé kan náà ní ọ̀nà kan náà.

Àlàyé wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé olúkúlùkù ni ó ń fi ìrírí tirẹ̀ dí àlàfo, ẹnìkan lè rò pé kò sí èrò tí ó burú, pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí lójú kálukú ni kí ó máa mú un lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò yàtọ̀ sí ariwo. Ẹni tí ó ní èrò lórí ìwé gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ojú ewé tí ó gbé èrò náà dúró. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí tí ó fi rí ohun tí ó rí. Ẹni tí ó dúró sí ìwọ̀-oòrùn igi, òjìji ìhà ibẹ̀ ni yóò ròyìn. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ kò tíì kárí igi. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òǹkàwé bá òǹkàwé sọ̀rọ̀. Bébà yìí yóò fi ibi mẹ́ta nínú Sozaboy ṣe àpẹẹrẹ bí irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ṣe lè lọ láàárín àwọn òǹkàwé Yorùbá.

Sozaboy Lẹ́nu Òǹkàwé

Mene, ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú Dukana, ni asọ̀tàn. Ó ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò rí owó tí yóò fi rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ni ó bá di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ sí Pitakwa, orúkọ tí àwọn ènìyàn inú ìwé náà ń pe Port Harcourt. Ní ilé ẹmu kan ní Diobu ni ó ti pàdé Agnes, ẹni tí ó fi ṣe ìyàwó. Agnes fẹ́ ọkọ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ewu. Mene náà fẹ́ wọ aṣọ ológun. Ó sì wọ ogun kan tí ìwé kò dárúkọ, ṣùgbọ́n tí ó jọ ogun abẹ́lé ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1967 sí 1970.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni ìlò èdè. Òǹkọ̀wé pe èdè ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti jẹrà. Àdàlù èdè Píjìn, Gẹ̀ẹ́sì fífọ́, àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó dá ṣáká níhìn-ín lọ́hùn-ún ni. Olùkọ́ tí ó bá ka ìwé náà lè ní kò yẹ kí a fi sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àkọtọ́ àti gírámà inú rẹ̀ yóò ba tirẹ̀ jẹ́. Èrò yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni olùkọ́ ń rí ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òǹkàwé mìíràn lè mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Mene àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ológun. Àṣẹ tí ọ̀gá ń pa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìró lásán ni ó ń wọ etí Mene. Òun ni ó ń sọ ìró náà di ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá àgbà bá sì sọ Gẹ̀ẹ́sì ńlá, Mene kò gbọ́ ju díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ yẹn ni ó rán an lọ sí ibi ikú. A jẹ́ pé èdè tí ó jẹrà kì í ṣe ẹ̀wù tí òǹkọ̀wé wọ̀ fún ìtàn. Òun gan-an ni ìtàn. Bí Mene bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, ó ṣeé ṣe kí ó má lọ sí ogun rárá.

Olùkọ́ náà lè fèsì. Ó lè ṣí ìwé náà sí ẹ̀yìn, kí ó tọ́ka sí àlàyé ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé tò sí ibẹ̀, kí ó sì béèrè ìdí tí ìwé tí ó dá ara rẹ̀ lójú fi nílò ògbufọ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ó fi hàn pé ìwé náà ní irú òǹkàwé méjì lọ́kàn: ẹni tí ó ń gbọ́ èdè náà lójú pópó Diobu, àti ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Gabriel Okara náà, ọmọ Ìjọ, ti dán irú nǹkan báyìí wò nínú The Voice ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n egungun èdè Ìjọ ni ó fi sí abẹ́ ẹran ara Gẹ̀ẹ́sì. Saro-Wiwa kò gbé èdè abínibí rẹ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn ń fi pàdé lọ́jà ni ó mú. Ìyàtọ̀ yìí tóbi, ìbéèrè olùkọ́ tí kò fẹ́ràn ìwé náà ni ó sì mú ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹni kejì tí kò jẹ́ kí òǹkàwé sinmi ni Manmuswak. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé dandan ni kí ènìyàn jẹun. Ilé ẹmu ní Diobu ni ó ti kọ́kọ́ yọjú, níbi tí òun àti ọkùnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ ogun. Lẹ́yìn èyí, ìhà ọ̀tá ni Mene tún ti rí i; nígbà tí ogun sì fẹ́ parí, ó ti tún wà ní ìhà kejì. Yorùbá tí ó bá kà á lè sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, pé ọ̀dàlẹ̀ ni ọkùnrin náà, ikùn ni ó sì ń bọ. Ẹlòmíràn lè ní kí ó rọra: ta ni kò yí ìhà padà nínú ìwé náà? Mene fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ó mú un lẹ́rú ogun. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé Manmuswak mọ ohun tí òun ń ṣe, Mene kò mọ̀. Èwo ni ó wá burú jù nínú kí ènìyàn mọ̀ kí ó sì ṣe é, àti kí ó má mọ̀ kí ó sì máa pa ènìyàn? Ìwé náà kò dáhùn. Ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún òǹkàwé.

Ọ̀rọ̀ Àkúdàáyà

Ìparí ìwé náà ni ó gba ìjíròrò jù. Mene padà sí Dukana lẹ́yìn ogun. Ó gbọ́ pé bọ́ǹbù ti pa ìyá rẹ̀ àti Agnes. Àwọn ará ìlú tí ó rí i ń sá fún un. Duzia ni ó là á yé e níkẹyìn: ìlú gbà pé Mene ti kú sí ojú ogun, pé wọn kò sin ín bí ó ti yẹ, àti pé òkú rẹ̀ ni ó ń rìn kiri tí ó ń fi àrùn pa ènìyàn. Bí Mene ṣe kúrò ní ìlú tí wọ́n ti bí i nìyẹn.

Òǹkàwé Yorùbá kìíní yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí òun: wọ́n pe Mene ní àkúdàáyà. Ìrírí tirẹ̀ ni ó fi dí àlàfo, bí Iser ti wí. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kejì, Yorùbá bíi tirẹ̀, lè takò ó. Àkúdàáyà kì í padà sí àárín àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ìlú òkèèrè ni ó ń lọ, níbi tí ó ti lè fẹ́ aya kí ó sì bímọ. Bí ojúlùmọ̀ àtijọ́ bá rí i, ńṣe ni ó ń pòórá. Mene kò sá fún ojúlùmọ̀. Ojúlùmọ̀ ni ó ń wá kiri, ìyá àti ìyàwó. Àwọn ojúlùmọ̀ ni ó ń sá fún un. Nítorí náà, orúkọ tí òǹkàwé kìíní fún un dojú ọ̀rọ̀ rú.

Bí òǹkàwé kìíní bá jẹ́ ẹni tí ó ń gbọ́ àtakò, yóò padà sí inú ìwé. Yóò rí i pé níkẹyìn Mene yí ẹ̀yìn padà sí Dukana, ó ń lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ní àkókò yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí a pè é. Àwọn alààyè ni ó sọ alààyè di àkúdàáyà. Ogun kò pa Mene. Ìlú rẹ̀ ni ó kọ̀ láti gbà pé kò kú. Èrò kẹta yìí kò sí lọ́kàn òǹkàwé kìíní nígbà tí ó jókòó, kò sì sí lọ́kàn ẹnìkejì. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ti rí i.

Ẹjọ́ náà kò sì tíì tán. Òǹkàwé tí ó jẹ́ ọmọ Ògóni lè wí fún àwọn méjèèjì pé Dukana kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá; ohun tí ìwé náà tẹnu mọ́ ni ìsìnkú tí kò pé, kì í ṣe ayé kejì ní ìlú òkèèrè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àfiwé ni òun ń ṣe, kì í ṣe ìtumọ̀. Irú ìlú bíi Port Harcourt, tí ọmọ Ìkwéré, Ìjọ, Ògóni, Ìgbò àti Yorùbá jọ ń gbé, ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ti lè wá láti ẹnu ẹni tí ó wà nítòsí, kí ọ̀rọ̀ tó tutù.

Ǹjẹ́ Àṣà Yìí Jẹ́ Àlejò Láàárín Yorùbá?

Ẹnìkan lè rò pé ẹgbẹ́ òǹkàwé jẹ́ àṣà òkèèrè tí ó gba ọ̀dọ̀ UNESCO wá sí Port Harcourt. Ìtàn ìwé Yorùbá kò fara mọ́ èyí. Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, I. B. Thomas tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni wọ́n ní ó kọ wọ́n, tí ó ń ròyìn bí òun ṣe fi ayé òun ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn náà lórí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, wọ́n ń sọ èrò wọn lórí obìnrin náà àti lórí ìwà rẹ̀. Ní ọdún 1930, àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá di ìwé, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Èyí fi hàn pé nígbà tí ìtàn àròsọ Yorùbá ń ti inú oyún bọ̀, èrò òǹkàwé ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ó dí àṣà náà lọ́wọ́ lẹ́yìn èyí kò ṣòro láti rí. Ìdánwò ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gba ìwé Yorùbá mọ́ra, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ohun tí a ń kà láti gba máàkì. Ìbéèrè ìdánwò ní ìdáhùn kan tí olùyẹ̀wò ń retí. Èrò òǹkàwé kò ní irú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, mọ bí a ṣe ń to àwọn ẹ̀dá-ìtàn àti ẹ̀kọ́ inú ìwé náà. Bóyá ó bínú sí Àjàní tàbí ó káàánú rẹ̀, ìdánwò kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi ìbínú tàbí àánú yẹn ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ènìyàn.

Èdè Wo ni a Fi ń Sọ Èrò?

Ó yẹ kí a yin Port Harcourt, ó sì yẹ kí a bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ìwé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ọdún ìwé náà ni Africa39, àkójọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé mọ́kàndínlógójì tí ọjọ́ orí wọn kò tó ogójì ọdún, èyí tí Wọlé Ṣóyínká kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà ni ó ti mọ iṣẹ́ Rivers Readers Project láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nínú iṣẹ́ yìí, Kay Williamson, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Yunifásítì Port Harcourt, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ìpínlẹ̀ náà. Bí èdè tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò pọ̀ bá lè ní ìwé tirẹ̀, kò sí ìdí tí kò fi lè ní ìjíròrò tirẹ̀ lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ Mene fi èyí hàn. Ìwé tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni Sozaboy, ṣùgbọ́n ìjíròrò tí a fi èdè Yorùbá ṣe lórí rẹ̀ ni ó mú ọ̀rọ̀ àkúdàáyà jáde, àtakò tí ó tẹ̀lé e náà kò sì lè wáyé láìsí ọ̀rọ̀ náà. Bí àwọn òǹkàwé méjèèjì bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, òkú tí ń rìn ni wọn ì bá pè é, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Èdè tí a fi ń sọ èrò wà lára ohun tí a lè rò.

Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé èrò lórí ìwé nílò ẹ̀rí láti inú ìwé, ó nílò kí ẹni tí ó ní in mọ ibi tí òun dúró sí, ó sì nílò ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ó ti fi ibi mẹ́ta nínú Sozaboy ṣe àpẹẹrẹ, ó sì ti rántí àwọn òǹkàwé Akéde Èkó tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan báyìí ní Èkó kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ UNESCO.

Iṣẹ́ tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn olóòtú. Olùkọ́ lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí kò ní béèrè ìdáhùn ìdánwò, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ ohun tí ó rí nínú ìwé, tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì takò ó pẹ̀lú ojú ewé lọ́wọ́. Olóòtú lè ṣí àyè sílẹ̀ fún lẹ́tà àwọn tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí Thomas ti ṣe. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní ìlú bíi Port Harcourt lè fi èdè wọn jíròrò lórí ìwé àwọn aládùúgbò wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn aládùúgbò náà tọ́ wọn sọ́nà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí aṣelámèyítọ́ bá gbọ́n, tí òǹkàwé tí kò gba oyè kankan náà sì gbọ́n, ẹjọ́ tí a óò dá fún ìwé kò ní jẹ́ ẹjọ́ ẹnìkan mọ́.